Ẹnu Tí Mo Yá Ìyá Ọlọ́mọ Méjì

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù. Kí n tó débẹ̀, olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìpájà. Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, títí tí ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà fi pè mí pé àwọn òbí kò fẹ́ ẹ mọ́, pé Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n ń torí ẹ̀ mú ọmọ wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Nígbà tí mo gbọ́ pé kóòtù kan lágbègbè wa ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, mo ní Ọlọ́run ti rántí mi. Mi ò ní sọ kóòtù tó jẹ́, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ara wọn.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ rọrùn lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Ẹlẹ́jọ́ á sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, wàá sọ ọ́ fún adájọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Adájọ́ á béèrè ọ̀rọ̀, wàá dá a padà sí Yorùbá. O ò gbọdọ̀ fi tìẹ kún un, o ò sì gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Wọ́n mú mi búra lé e lórí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé àwọn èèyàn wa kì í gba ọ̀nà tààrà dé ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tí o bi pé níbo ló wà lọ́jọ́ Àìkú, bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe ń ṣàìsàn ló máa kọ́kọ́ sọ. Adájọ́ á sì ti máa wo aago. Nígbà tó yá, èmi náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀. Mò ń bó ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni bó ẹ̀pà, èyí tí mo bá rò pé kóòtù nílò ni mò ń gbé síwájú adájọ́, mo sì ń da ìyókù nù. Wọ́n yìn mí fún un. Adájọ́ tó wà níbẹ̀ nígbà náà sọ fún akọ̀wé níṣojú mi pé òun fẹ́ràn ògbufọ̀ yìí, pé kì í fi àkókò ṣòfò. Orí mi wú, mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọdé. Wọn kì í gbọ́ ọ nínú kóòtù ńlá. Yàrá kan wà lókè tí wọ́n ń lò, tábìlì kan, fáànù kan àti àwọn àga onírọ́bà ló wà níbẹ̀, torí òfin ní kí wọ́n má mú ọmọdé wá síbi tí ẹ̀rù á ti bà á. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gùn, orí àtẹ̀gùn yẹn náà sì ni àwọn tí wọ́n mú wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n ń jókòó sí de ọkọ̀ wọn, tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so méjì méjì pọ̀. Àárín wọn ni àwọn ọmọ ń gbà kọjá.

Ọjọ́rú kan báyìí ni mo kọ́kọ́ rí obìnrin ará Ìjẹ̀gùn náà. Ó lè tó ẹni ọdún márùndínlógójì. Alágbàfọ̀ ni; ó máa ń lọ láti ilé dé ilé fọṣọ fún àwọn èèyàn, omi àti ọṣẹ sì ti jẹ awọ ìka rẹ̀. Abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀. Orí ilé alájà méjì kan tí wọ́n ń kọ́ ní Ayọ̀bọ̀ ló ti já bọ́, tó sì kú. Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀ fún un, obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti ọkùnrin tí kò tíì pé mẹ́rin.

Ohun tó gbé e dé kóòtù nìyí. Wọ́n pè é láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ìyá rẹ̀ ti kú nílé. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa sin òkú, kò sí àyè fún un láti ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ara ọmọkùnrin náà ń gbóná, kò ṣeé gbé rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ló bá kó àwọn ọmọ náà fún obìnrin kan tí yàrá wọn jọ kọjú síra, ìyá ọlọ́mọ tuntun kan, ó ní kó jọ̀ọ́ bá òun ṣọ́ wọn, pé tí wọ́n bá ti ṣàdúrà ọjọ́ kẹta tán, òun ń bọ̀. Ní ọjọ́ kejì tó lọ, omi gbígbóná dà sára ọmọkùnrin náà, ó bó o láti èjìká dé ìgbáròkó. Àwọn ará ilé gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì béèrè ìyá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan gidi sọ. Nọ́ọ̀sì pe àwọn wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Nígbà tí ìyá fi máa padà dé láti ibi òkú, àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, wọ́n sì ti kó ọmọ méjèèjì lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, adájọ́ ní kí n bi í bóyá ó ní lọ́yà. Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ní lọ́yà ti kí ni, ṣé òun jalè ni, ọmọ òun lòun wá gbà. Mo sọ fún adájọ́ pé kò ní lọ́yà. Adájọ́ ní wọ́n á wá lọ́yà ọ̀fẹ́ fún un, ó sì sún ẹjọ́ náà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Obìnrin náà kò dìde. Ó rò pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Èmi ni mo sọ fún un pé ó ti parí, kó máa lọ.

Lọ́yà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo àwọn tí kò lówó lágbègbè wa nígbà yẹn. Ọmọkùnrin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àkọ́bí mi lọ, kò sì burú. Mo fẹ́ sọ ìyẹn dáadáa torí ó ti rọ̀ mí lọ́rùn rí láti di gbogbo ẹ̀ lé e lórí. Ó máa ń sáré láti yàrá kan dé òmíràn, á kó fáìlì mọ́ àyà, òógùn á máa dà lára rẹ̀ nínú ẹ̀wù lọ́yà dúdú yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ náà tún padà wá, ẹnu ọ̀nà ló ti bá obìnrin náà. Ó bi í pé ṣé òun ni ìyá àwọn ọmọ náà. Ó ní òun ni. Ó bi í pé ṣé ó fẹ́ kí wọ́n dá wọn padà. Ó ní kí ni òun tún fẹ́ láyé. Lọ́yà ní ó dáa, kó fọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá ń mu omi inú ọ̀rá, kò ní tíì mu ún tán tí ìpàdé wọn fi parí.

Wọ́n ti mú ọmọbìnrin náà wá láti ilé ìtọ́jú tí wọ́n kó o lọ. Fóònù òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó mú un wá dún, ó sì bọ́ sí ìta láti gbé e. Ló bá ku èmi àti ọmọ náà lórí bẹ́ǹṣì. Ó bi mí bóyá èmi ni mo máa ń bá adájọ́ sọ ohun tí èèyàn bá sọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ìyá ọlọ́mọ tuntun ló ni omi yẹn. Ó ń tẹ fóònù níta, ó ní kí n wọlé lọ sọ omi òun kalẹ̀ lórí sítóòfù. Mi ò mọ̀ pé àbúrò mi tẹ̀ lé mi.”

Mo lóye ohun tó sọ lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ní kó ṣọ́ ọmọ wà nílé, òun náà ló sì rán ọmọ ọdún mẹ́wàá sídìí iná. Ó tún jẹ́ pé òun ló sọ fún wẹ́fíà pé ìyá kò bá òun sọ nǹkan kan kó tó lọ. Ìyẹn wà nínú ìwé wọn, mo ti kà á láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo sọ fún ọmọ náà pé wọ́n á bi í tó bá dénú yàrá, kó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó mi orí.

Wọn kò bi í. Nígbà tí a wọlé, adájọ́ wò ó, ó ní ọmọ kékeré ni, kò yẹ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí dà á láàmú, kí wọ́n mú un lọ sísàlẹ̀. Lọ́yà kò sọ̀rọ̀. Ti ìyá ló bá wá, ọmọ kò ní lọ́yà tirẹ̀. Èmi náà kò sọ̀rọ̀. Ọmọ náà yíjú padà wò mí kó tó jáde, mo sì bojú wo ìwé ọwọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ìyá sọ tẹnu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ikú ìyá rẹ̀, ó ń sọ bó ṣe wẹ ọmọ náà láàárọ̀, bó ṣe fún un lóògùn ibà. Adájọ́ ní kí n sọ fún un kó ṣe é ní kúkúrú. Mo sọ fún un. Ó ń wá ibi tó máa gbà. Ó wá ní, “Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí ojú ti ń tó wọn, mo sì fi Ọlọ́run ṣọ́ wọn.”

Nínú Yorùbá, ẹni tó lọ sọ́jà tó ní kí aládùúgbò máa wo ọmọ òun, ó fi ọmọ sílẹ̀ ni. Ẹni tó gbé ọmọ sórí ààtàn tó sá lọ, òun náà fi ọmọ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ fún ti àkọ́kọ́, ó ní òmíràn fún ti ààtàn. Ti ààtàn ló jáde lẹ́nu mi. Àwọn wẹ́fíà ti kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ti kà á, ó ti ń dúró dè mí lórí ahọ́n. Ti ojú tó ń tó wọn, mo gé e kúrò. Ohun tí adájọ́ gbọ́ ni pé ìyá yìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun pa àwọn ọmọ òun tì, òun sì ní kí Ọlọ́run máa wò wọ́n. Mo rí i tó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tọ́ bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu mi. Mo lè ní kí wọ́n jọ̀ọ́, mo fẹ́ tún un sọ. Mo rò ó. Ẹjọ́ mẹ́jọ ló ṣì ń dúró níta, adájọ́ tó fẹ́ràn mi torí pé n kì í fi àkókò ṣòfò ló sì jókòó síwájú mi.

Wọ́n kó àwọn ọmọ náà sábẹ́ ìtọ́jú ìjọba fún oṣù mẹ́fà, pé wọ́n á tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n mú ọmọbìnrin lọ, ọ̀tọ̀ ni ti ọmọkùnrin, torí ilé tó ń gba àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kì í gba ọmọ kékeré. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún ìyá wọn. Ó bi mí níta pé oṣù mẹ́fà yẹn, ṣé ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún àwọn ọmọ náà nìyẹn. Mo ní kó lọ bá lọ́yà rẹ̀. Lọ́yà ti wà nínú yàrá mìíràn.

Oṣù mẹ́fà pé. Ìwé ìpè lọ sí Ìjẹ̀gùn, obìnrin náà kò sì sí ní Ìjẹ̀gùn mọ́. Kò lè fojú kan obìnrin tí yàrá wọn kọjú síra mọ́, ló bá kó lọ sí Ìgàǹdó. Ó ti sọ fún àwọn tó wà nílé ìtọ́jú, torí gbogbo Sátidé ló ń lọ wo àwọn ọmọ, ó ń ti ibì kan bọ́ síbòmíràn. Ó rò pé ìjọba kan náà ni gbogbo wọn, pé ohun tí ẹnìkan bá ti gbọ́, gbogbo wọn ti gbọ́ ọ. Wọ́n ti gbé lọ́yà kékeré yẹn lọ síbòmíràn, wọn kò sì tíì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Wọ́n pe orúkọ obìnrin náà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu ọ̀nà. Adájọ́ kọ ọ́ pé ìyá kò yọjú. Mo wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ti kó lọ, mi ò sì béèrè. Mo tilẹ̀ sọ nínú ara mi pé bóyá èmi kò kúkú ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀, bóyá ó ti pa wọ́n tì lóòótọ́. Ó tù mí lára fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Wọ́n fi ọmọkùnrin náà sọ́dọ̀ tọkọtìyàwó kan ní Ẹ̀gbẹ́dá láti máa tọ́ ọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ìyá rẹ̀ tó mọ̀, nígbà tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun dé ilé ìtọ́jú, tó bá ọmọ ọlọ́mọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó lé lọ́dún kan kí lọ́yà mìíràn tó dé. Obìnrin ni, orí rẹ̀ ti ń funfun. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ó ní ó ti sú òun, ẹjọ́ ọmọdé nìkan ló sì ń gbà. Òun ni lọ́yà àkọ́kọ́ tí mo rí tó máa ń jókòó ka fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó rí fáìlì obìnrin náà, ó wá obìnrin náà kàn ní Ìgàǹdó. Ìlú òkèèrè ni wọ́n ti tọ́ lọ́yà yìí dàgbà, Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀, ló bá ní kí n tẹ̀ lé òun. Ẹ̀rí ọkàn mi ló gbà, kì í ṣe èmi.

Ọ̀kadà méjì la gùn lọ sí Ìjẹ̀gùn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ jù, lọ́yà bọ́ bàtà, ó fẹsẹ̀ rìn ín. A dé ilé náà, ó ní kí n dúró lẹ́nu yàrá tí ìyá àwọn ọmọ náà ti gbé rí, òun náà dúró lẹ́nu yàrá ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín wa. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ náà, kò sí ẹnikẹ́ni láti kóòtù tó wo ilé yìí rí.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ bá ọmọbìnrin náà. Ó ti ga. Lọ́yà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kó sọ bí omi náà ṣe dà, kó má kánjú. Ọmọ náà sọ ọ́, mò ń túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ lórí bẹ́ǹṣì ni, kò yí ẹyọ kan padà. Lọ́yà bi í pé ṣé ó ti sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọ náà ní, “Mo sọ fún Bàbá yìí.”

Lọ́yà ń dúró kí n túmọ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ nílò rẹ̀, ó gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, pé mo sọ fún bàbá yìí, bí ẹni pé bàbá mìíràn ni.

Lọ́yà kó ìwé rẹ̀, a jáde. Ẹ̀gbẹ́ géètì la dúró sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé mo ti búra, pé ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ níwájú adájọ́ wọ kóòtù. Ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, “Bàbá, wọ́n ní kẹ́ ẹ má fi kún ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́. Wọn ò ní kẹ́ ẹ má pe lọ́yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.”

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ìyókù fún un, ti ọ̀rọ̀ ààtàn. Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó bi mí bóyá mo lè búra sí i nínú ìwé. Mo ní mo lè ṣe é. Mo ṣe é.

Ìwé tí mo búra sí yẹn àti ọ̀rọ̀ ọmọ náà ló dá ọmọbìnrin náà padà fún ìyá rẹ̀. Adájọ́ tuntun ti dé, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Níbi iṣẹ́, àwọn kan kò kí mi mọ́. Akọ̀wé àgbà sọ fún mi pé mo ti ba orúkọ kóòtù jẹ́, pé ta ló fẹ́ mọ iye ẹjọ́ tí mo ti túmọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó fi bú mi ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Èmi náà kò mọ iye rẹ̀. Nígbà tí ìwé iṣẹ́ mi tán, wọn kò fún mi ní òmíràn. Wọ́n ti gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó yára jù mí lọ.

Ti ọmọkùnrin náà kò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ ní ọwọ́ èèyàn gidi ló wà, ó ti ń bẹ nílé ẹ̀kọ́, ojú ara rẹ̀ ti jinná, kí wọ́n má ṣe fà á tu bí ẹ̀gẹ́. Kí ìyá máa wá wò ó ní ọ́fíìsì wẹ́fíà lẹ́ẹ̀kan lóṣù ná, kí wọ́n tún ara wọn mọ̀. Lọ́yà bẹ̀ mí pé kí n wá sí ti àkọ́kọ́. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀ títí ọmọ náà fi wọlé.

Kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí wọ́n mú un lọ, nílé ìtọ́jú àti ní Ẹ̀gbẹ́dá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń bá a sọ. Ó di ìwé àwòrán kan mú. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó pè é ní oríkì rẹ̀. Ọmọ náà wo ẹnu rẹ̀, ó wo èmi, ó wá bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni obìnrin yìí ń wí.

Ìyá ní kí n sọ ohun tí ọmọ òun sọ. Mo sọ ọ́. Ó ní kí n sọ fún un pé òun ni ìyá rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Ọmọ náà ní ìyá òun wà nínú mọ́tò níta. Mo ronú àtigé ọ̀rọ̀ yẹn náà, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gé e. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe wà. Ìyá náà kò sunkún. Ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe oríkì ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní wọn kò ní in.

Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n pàdé bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ gbé tọkọtìyàwó yẹn lọ sí Àbújá, adájọ́ gbà pé kí wọ́n mú ọmọ náà dání, kí ìyá àti ọmọ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lọ́yà pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, wọ́n ń sún un. Lọ́yà náà kọ lẹ́tà sí àwọn tó wà lókè pé kí wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní lọ́yà tirẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí lọ́yà wọlé láìjẹ́ pé ó ti bá ẹni tó fẹ́ gbèjà sọ̀rọ̀ délé. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn ti rí lẹ́tà rẹ̀ gbà. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, èmi àti lọ́yà náà ń jókòó ní gbọ̀ngàn kan ní Ìkòtún, àwọn òbí ń wá bá wa kí wọ́n tó lọ sí kóòtù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n á ti lọ kí wọ́n tó gbọ́ nípa wa.

Mo ti bẹ ìyá náà. Ó ní kò sí wàhálà, pé ẹnu mi kọ́, àmúwá Ọlọ́run ni. Mi ò mọ bóyá ó gbà á bẹ́ẹ̀ tàbí ó fi lé mi lọ ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni mi ò tíì bẹ̀ nígbà náà.

Mo rí i lóṣù tó kọjá lójú títì Ìgàǹdó, níwájú ilé ìtajà oògùn kan, ó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Mo béèrè ìyá rẹ̀. Ó ní wọ́n wà, wọ́n lọ fọṣọ. Mo béèrè àbúrò rẹ̀. Ó ní ó pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, pé òun lòun ń túmọ̀ fún àwọn méjèèjì. Mo wá sọ fún un níbẹ̀, láàárín àwọn èèyàn tó ń kọjá, pé kó foríjì mí, pé ó sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì ṣe nǹkan kan.

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, sà.” Ó ní òun fẹ́ tètè délé gbé omi kaná, ó sì sọdá títì lọ.